Ẹrù Délé àbí Èrú Délé: àkọsílẹ̀ bí a ṣe wá orúkọ ìkànnì fún iṣẹ́ akẹ́rù

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akẹ́rù: kí wọ́n máa gba ọjà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí wọ́n sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó rà á. Ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, awakọ̀ méjì ti wà, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti jáde. Ìkànnì ló kù. Wọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ lo mọ nǹkan kọ̀ǹpútà, bá mi wá orúkọ sí i." Mo ní ọjọ́ méjì ti tó. Ọjọ́ 36 ló gbà. Bó ṣe wà nínú ìwé àjákọ mi ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí, títí kan ibi tí mo ti ṣe bí òpè.

Irinṣẹ́: kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, fóònù méjì, ìwé àjákọ, káàdì báǹkì kan. Owó tí a yà sọ́tọ̀: dọ́là 60.

Ìpele 1: Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi ti yàn (ọjọ́ 1 sí 4)

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ní orúkọ lọ́kàn: Ẹrù Délé. Ó dùn-ún gbọ́, ó sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kò sì gùn. Mo tẹ erudele sí àpótí ìwádìí olùta orúkọ kan, ó ní ó ṣì wà nílẹ̀. Mo yọ káàdì. Báǹkì ní kí n dúró de kóòdù, kóòdù ò dé. Ọpẹ́lọpẹ́ báǹkì lọ́jọ́ náà. Níbi tí mo ti ń dúró, mo kọ orúkọ náà sínú ìwé bí oníbàárà yóò ṣe rí i, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: erudele. Mo wò ó títí, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́fà, mo ní kí kálukú kà á sókè kó sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ padà. Mi ò ṣàlàyé nǹkan kan fún wọn.

Ẹni méjì kà á ní Ẹrù Délé. Ẹnì kan ní Ẹ̀rù Délé. Ẹnì kan ní Ẹrú Délé. Ẹnì kan rò pé orúkọ ènìyàn ni, ó ní irú ìdílé wo ló ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹni kẹfà jẹ́ àgbàlagbà tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré: wọ́n kà á ní Èrú Délé, wọ́n sì béèrè bóyá àwọn tó ń mú oníjìbìtì ló ni ín. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé kí ènìyàn kó ẹrù rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ rẹ, orúkọ rẹ wá ń jẹ́ èrú!

Ohun tó fà á ni pé lẹ́tà a dé z, òǹkà 0 dé 9, àti dáàṣì nìkan ni orúkọ ìkànnì gbà. Lẹ́tà ńlá àti kékeré kò yàtọ̀ níbẹ̀, lẹ́tà 63 sì ni òpin láàárín àmì ìdánudúró kan sí èkejì. Àmì ohùn ò sí, àmì abẹ́ lẹ́tà ò sí. Gbogbo ohun tó ń jẹ́ kí Yorùbá dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bọ́ ọ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀nà kan wà tí a fi ń ra orúkọ tó ní àmì, mo sì gbìyànjú rẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú àmì rẹ̀, ẹ̀rọ a sọ ọ́ di ìlà lẹ́tà rúdurùdu kan tí xn-- ṣáájú. Ìlà yẹn gan-an ni ẹ ń rà. Browser, ohun tí ẹ fi ń ṣí ìkànnì, ló ń fi àmì náà hàn fún yín nígbà tó bá wù ú. Nígbà tí kò bá wù ú, xn-- náà ni oníbàárà yóò rí, torí pé àwọn oníjìbìtì ti máa ń fi lẹ́tà tó jọra ṣe ayédèrú orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá, browser sì ń ṣọ́ra. Ìṣòro míì ni fóònù oníbàárà: mélòó nínú wọn ló ní bọ́tìnnì fún ẹ tó ní àmì lábẹ́? Mo fi èyí sílẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ẹ̀gbọ́n mi mú òmíràn wá: Ọkọ̀ Ayọ̀. Mo kọ okoayo sínú ìwé, mo gbé e fún wọn wò. Wọ́n rí oko, wọ́n rí ọkọ, wọ́n rí òkò. Wọ́n wá rí ìkẹrin tí mi ò ní kọ síbí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí o. Ìkànnì ìbéèrè-òun-ìdáhùn kan tó ń jẹ́ Experts Exchange bẹ̀rẹ̀ láìsí dáàṣì láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń pín in síbi tí kò yẹ, wọ́n fi dáàṣì sí i. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, yóò rí ohun tí wọ́n sá fún.

Láti ọjọ́ kẹrin ni mo ti ń pe èyí ní ìdánwò ìhòòhò. Bọ́ àmì kúrò lára orúkọ, so ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀, gbé e fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Má ṣe kà á fún un.

Ìpele 2: Orúkọ 23, ó ku 4 (ọjọ́ 5 sí 9)

A jókòó nírọ̀lẹ́ kan, a kọ orúkọ 23 sílẹ̀. Òfin tí a fi sẹ́ wọn kò pọ̀: kó má kọjá lẹ́tà mẹ́wàá, kó má ní òǹkà, kó má ní dáàṣì (ẹni tó bá ń sọ ọ́ lórí fóònù yóò máa sọ pé "dáàṣì, ìlà kékeré àárín yẹn, rárá, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀"), kó sì yege nínú ìdánwò ìhòòhò. Ó ku 9.

Ìdánwò fóònù ló tẹ̀ lé e. Mo pe ènìyàn márùn-ún, mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́. Méjì nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n kún un ni, torí pé gbogbo oníbàárà kọ́ ni yóò gbọ́ ọ. Ohun tí mo rí:

Ibikíbi tí ṣ bá wà, ìjà ni. Àwọn kan kọ s, àwọn kan kọ sh, kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi. Gb di b lọ́wọ́ àwọn tí kò gbọ́ èdè náà. P di kp lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́ ọ. Bó ṣe ń dún létí rẹ̀ ló ṣe kọ ọ́. Fáwẹ́lì tó bá tẹ̀ lé ara rẹ̀, bíi aa, ẹyọ kan ni wọ́n máa ń kọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ kan bá sì fi lẹ́tà kan parí, tí ọ̀rọ̀ kejì tún fi lẹ́tà yẹn kan náà bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á sọnù.

Mẹ́rin ló yè é. Ó dun ẹ̀gbọ́n mi, torí pé èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú 9 náà ní gb. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa lò ó ní gbólóhùn ìpolówó. Wọ́n gbà, wọ́n sì kùn.

Ìpele 3: Ta ló ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa? (ọjọ́ 10 àti 11)

Àwọn mẹ́rin yìí, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wádìí ní lookup.icann.org. ICANN ni àjọ tó ń bójú tó ètò orúkọ ìkànnì láti 1998, ọ̀fẹ́ sì ni ìwádìí náà: ó máa ń fi ọjọ́ tí wọ́n ra orúkọ, ọjọ́ tí yóò parí, àti ipò tó wà hàn. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ "ipò" yẹn, òun ló yọ mí nínú wàhálà ní ọjọ́ 29.

Orúkọ àkọ́kọ́ ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò fi ṣe nǹkan kan, ó gbé e síta fún títà. Mo kọ̀wé sí i. Dọ́là 4,800. Mo dúpẹ́, mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ìkejì ṣì wà nílẹ̀. Mo fẹ́ẹ̀ rà á, àmọ́ mo kọ́kọ́ yà sí Global Brand Database ti WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun ìní ọpọlọ, níbi tí ènìyàn ti lè wá àmì ìdánimọ̀ ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsọ̀rí 39. Ìsọ̀rí 39 ni ti ìkẹ́rù àti ìrìnnà, iṣẹ́ wa gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi bínú: "Kí ló kàn wọ́n nínú tèmi? Ṣé mo mọ̀ wọ́n rí ni?" Mo sọ fún wọn pé láti 1999 ni ètò kan tó ń jẹ́ UDRP ti wà, tí ẹni tó ní àmì ìdánimọ̀ lè fi gba orúkọ ìkànnì lọ́wọ́ ẹni tó fi ìwà àìṣòótọ́ rà á. Dọ́là 1,500 ni WIPO ń gbà fún orúkọ kan sí márùn-ún bí onídàájọ́ kan bá dá a. Olùpẹjọ́ ló ń san án, òótọ́ ni, àwa náà ò sì ní ìwà àìṣòótọ́ kankan lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lo oṣù àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún àlàyé ara rẹ̀? A fi sílẹ̀.

Ìkẹta àti ìkẹrin mọ́ tónítóní. Ìkẹta ló ṣì wà nílẹ̀ lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò, òun la mú. Lẹ́tà mẹ́jọ ni. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí pé ọ̀pọ̀ ohun tí mo ń sọ nísàlẹ̀ jẹ mọ́ ibi tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ sí.

Ní ti ohun tó ń bẹ lẹ́yìn orúkọ, àríyànjiyàn wa ò pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ .co nítorí pé ó kúrú. Mo ní oníbàárà yóò fi m sí i, yóò sì bọ́ sí ìkànnì ẹlòmíràn. Mo tún sọ fún wọn pé lẹ́tà méjì bẹ́ẹ̀ ti orílẹ̀-èdè tàbí erékùṣù kan ni: .co ti Kòlóńbíà, .tv ti Tuvalu, .ai ti Anguilla. Òfin ibẹ̀ àti iye tí wọ́n bá dá lé e ni ẹ óò máa tẹ̀ lé. A mú .com, tó ti wà láti 1985.

Ìpele 4: Rírà (ọjọ́ 12 àti 13)

Mo fi olùta méjì wé ara wọn. Èkíní ń ta ọdún àkọ́kọ́ ní dọ́là 0.99. Mo wá iye ìsọdọ̀tun kiri, ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí i, ní lẹ́tà wínníwínní: dọ́là 22 lọ́dọọdún. Èkejì ń gba dọ́là 13, lọ́dún àkọ́kọ́ àti lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e. Verisign, tó di ìwé .com mú, bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là 10.26 lọ́wọ́ olùta lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ́dún ní oṣù kẹsàn-án 2024. Nítorí náà ẹni tó ń ta á ní 0.99 ń pàdánù, ó sì mọ ibi tí yóò ti gbà á padà. Ọdún mẹ́ta: dọ́là 44.99 sí dọ́là 39. Èkíní tún ń gba owó lórí fífi àdírẹ́sì ẹni pamọ́. Ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ èkejì. A lọ sọ́dọ̀ èkejì, a san ọdún mẹ́ta. Wọ́n gbà títí dé ọdún mẹ́wàá, kò ṣeé san ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí a tó sanwó, ohun márùn-ún ni mo yọ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ tí mi ò fi síbẹ̀ fúnra mi. Lẹ́yìn náà mo ka orúkọ náà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, torí olùta yìí kì í dá owó padà bí ènìyàn bá ṣì í kọ.

Mo tún ra ẹ̀dà kan tí wọ́n ṣì kọ, èyí tó jáde jù nínú ìdánwò fóònù. Dọ́là 13 fún ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní mò ń fi owó àwọn ṣòfò.

Orúkọ ta ló wà nínú ìwé? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wa ya ìkànnì náà ní òun lè rà á sínú àkáǹtì òun, kó má baà dà wá láàmú. Ọmọ dáadáa ni, mi ò rò pé ó ní ohun búburú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ló ni ín, bí ó bá kó lọ sí iṣẹ́ mìíràn tí fóònù rẹ̀ sì yí padà, ta la ó pè? Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi la fi síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí ìwé ìdánimọ̀ wọn.

Ìpele 5: Bí mo ṣe ti ara mi mọ́ta (ọjọ́ 14 sí 30)

Ọjọ́ 14, mo ṣe ohun tí mo rò pé ó bójú mu. Mo wọ inú àkáǹtì, mo yọ ímeèlì tí a fi ra orúkọ kúrò, mo fi ímeèlì tuntun tó ń jẹ́ orúkọ ìkànnì náà gan-an sí i. Ó lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ṣètò àpótí ímeèlì yẹn. Ọjọ́ 16 ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba lẹ́tà.

Òfin ICANN ni pé bí ènìyàn bá ra orúkọ tàbí tó yí ímeèlì olóhun padà, olùta gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí láàárín ọjọ́ 15 pé ímeèlì náà ń ṣiṣẹ́. Wọ́n a fi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹ ó tẹ ìlà kan (líǹkì) nínú rẹ̀, ó parí. Lẹ́tà tiwa lọ ní ọjọ́ 14 sí àpótí tí kò tíì sí.

Ọjọ́ 29, aago méje àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè: "Ìkànnì ti kú." Mo lo wákàtí márùn-ún níbi tí kò yẹ. Mo yẹ sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé) wò, ó ń ṣiṣẹ́. Mo tún un tàn, kò yí nǹkan kan padà. Mo pe ọmọkùnrin tó ya ìkànnì, mo bá a sọ̀rọ̀ tí kò dára, mo ní ó ti fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Nígbà tó di ọ̀sán ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo tẹ dig, àṣẹ tí a fi ń béèrè ibi tí orúkọ ìkànnì wà, àti orúkọ náà sí kọ̀ǹpútà, èsì jáde: NXDOMAIN. Ìyẹn ni pé orúkọ náà kò sí láyé mọ́, sáfà kọ́ ló ṣàìsàn. Mo padà sí lookup.icann.org, mo wo ipò rẹ̀: client hold. Olùta ló gbẹ́sẹ̀ lé e.

Ó yẹ kí ìyẹn rọrùn. Mo wọ àkáǹtì, mo tẹ bọ́tìnnì pé kí wọ́n tún lẹ́tà ìfìdímúlẹ̀ fi ránṣẹ́. Ibo ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí? Ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ ìkànnì tó ti kú. Mo fẹ́ yí ímeèlì padà: wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tẹ kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ímeèlì àtijọ́. Òun náà ni. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé, ilẹ̀kùn ilé wà ní títì.

Ohun tó gbà wá ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo pe olùta, wọ́n béèrè ìwé ìsanwó àti ìwé ìdánimọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀. Méjèèjì bára mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ká ní orúkọ ọmọkùnrin yẹn la fi rà á ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá fi hàn wọ́n. Wákàtí 31 kọjá kí wọ́n tó yí ímeèlì padà sí ti àtijọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tẹ ìlà ìfìdímúlẹ̀, ìdíwọ́ kúrò, ìkànnì jí. Fóònù mi kejì ṣì ń sọ pé kò sí i fún ìgbà díẹ̀ sí i, torí ó ti rántí "kò sí" tó gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo pe ọmọkùnrin náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú. Ohùn rẹ̀ fi hàn pé ó burú díẹ̀.

Ìpele 6: Títì í pa (ọjọ́ 31 sí 33)

1. Ímeèlì àkáǹtì olùta di àpótí ọ̀tọ̀ tí kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú orúkọ ìkànnì wa. A kì í fi ṣe ohun mìíràn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la lè ṣí i.

2. Pásíwọ̀ọ̀dù tuntun gígùn, àti kóòdù ẹlẹ́ẹ̀kejì láti inú áàpù orí fóònù, kì í ṣe ti àtẹ̀jíṣẹ́, torí ẹni tó bá fi ẹ̀tàn gba nọ́ńbà fóònù yín á gba kóòdù náà pẹ̀lú. Kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fún wa, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lẹ́ẹ̀méjì: ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan nínú àpò ìwé ẹ̀gbọ́n mi.

3. Àgádágodo ìkólọ, tí kì í jẹ́ kí wọ́n kó orúkọ lọ sọ́dọ̀ olùta mìíràn, wà ní títì. Bí ẹ bá wo ipò orúkọ yín, ẹ gbọ́dọ̀ rí client transfer prohibited níbẹ̀. Kóòdù ìkólọ, mi ò béèrè fún un rárá títí a ó fi nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ní i ti gba ìdajì orúkọ náà.

4. Ìsọdọ̀tun aládàáṣe wà ní títàn, àmọ́ mi ò fọkàn tán an, torí káàdì báǹkì máa ń parí ṣáájú orúkọ. Mo kọ ọjọ́ méjèèjì sórí kàlẹ́ńdà. Olùta gbọ́dọ̀ ránni létí ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, àti lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọjọ́ márùn-ún tó bá ti parí. Fún .com, olùta lè fàyè gbà yín fún ọjọ́ 45 ó pọ̀ jù, lẹ́yìn náà ọjọ́ 30 ìràpadà tó máa ń wọ́n gan-an, lẹ́yìn náà ọjọ́ 5 tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣe nǹkan kan sí i, kó tó padà sọ́jà. Ní oṣù Kejìlá 1999, Microsoft gbàgbé láti san owó passport.com, àwọn tó ń lo Hotmail ò sì rí ọ̀nà wọlé. Ọkùnrin kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn ló fi káàdì ara rẹ̀ san dọ́là 35 náà. Bí àwọn yẹn bá lè gbàgbé, èmi dà?

5. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣì kọ kò ní ímeèlì, nítorí náà mo fi ìlà v=spf1 -all, tó ń sọ pé kò sí ẹni tó láṣẹ láti fi orúkọ náà kọ ímeèlì, sínú àkọsílẹ̀ DNS rẹ̀ (ìwé tó ń júwe ọ̀nà orúkọ ìkànnì), kí ẹnikẹ́ni má lè fi orúkọ rẹ̀ kọ lẹ́tà jìbìtì sí oníbàárà wa kó sì rọrùn fún un. Mo darí ìkànnì rẹ̀ sí ti gidi.

Owó: .com ọdún mẹ́ta, dọ́là 39. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣì kọ, dọ́là 13. Ìwé ẹ̀rí ààbò láti ọ̀dọ̀ Let's Encrypt, ọ̀fẹ́. Àpapọ̀ dọ́là 52, ó ku 8. Ọjọ́ tí ìkànnì fi kú: ọ̀kan àti ààbọ̀, ẹ̀bi mi.

Ọjọ́ 36: oníbàárà àkọ́kọ́ wọlé láti orí ìkànnì, àpótí mẹ́rin, ó fẹ́ kí wọ́n dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo wo àkọsílẹ̀ sáfà láti mọ ibi tó gbà wá. Ẹ̀dà tí wọ́n ṣì kọ ni ó tẹ̀. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò tíì fèsì.